Oníbàárà mi jáde kúrò nínú fódà rẹ̀, ó bá ìbéèrè ìdánwò pàdé: báwo ni mo ṣe lè sé oníkálukú mọ́ ilé rẹ̀ lórí sáfà?

Onítẹ̀wé_Adó · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè jẹun láti ọ̀sán. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Àjìlóṣùn, l'Ádó-Èkìtì níbí. Nítorí iná tó ń ṣe ségesège, mi ò gbé sáfà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo háyà kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ubuntu, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀, mo sì fi vsftpd sí i, ètò tó ń gba fáìlì wọlé lọ́nà FTP. FileZilla, ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ni àwọn oníbàárà fi ń gbé iṣẹ́ wọn wá: àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó, ìjọ tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìkórè, ẹni tó ń sìnkú bàbá rẹ̀, àti ilé-ìwé méjì tó máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò fún mi tẹ̀.

Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán wá gba álíbọ́ọ̀mù. Nígbà tí àwọn tó kù jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, mo rí ìbéèrè ìdánwò ilé-ìwé kan lórí sáfà yín o." Mo ní báwo? Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, ó tẹ àmì tó ń gbé ni lọ sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Orúkọ gbogbo oníbàárà mi tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó tẹ fódà ilé-ìwé náà, ó ṣí. Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bayọ́lọ́jì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló sì kù kí àwọn ọmọ náà jókòó ìdánwò.

Èmi rò pé bí mo bá ti fún kálukú ní orúkọ àti páswọ̀ọ̀dù tirẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè kọjá fódà tirẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé · 9:25 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá nǹkan fi sẹ́nu ná, ó ṣeé tún ṣe.

Bí èèyàn bá wọlé sórí vsftpd, inú fódà ilé rẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Ẹ wo agbo ilé ńlá: ẹ fún àlejò ní yàrá, ẹ kò ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Páswọ̀ọ̀dù ń sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́, kò sọ ibi tó lè rìn dé. Ní Ìkọ̀lé tiwa, ulé là ń pe ilé, ulé sì ní ẹnu ọ̀nà àti ògiri. Èyí tí Linux ń pè ní home kò ju ibi tí ẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀ lọ, àfi tí ẹ bá mọ ògiri yí i ká fúnra yín.

chroot ló ń mọ ògiri náà. Ó ti wà nínú Unix, bàbá ńlá Linux, láti ọdún 1979. Ó máa mú fódà kan, á sọ ọ́ di gbogbo ayé fún ẹni tó wọlé. Bí ẹni náà bá bèèrè ibi tó wà, "/" ni wọ́n máa dá a lóhùn. Kó tẹ àmì òkè títí ilẹ̀ á fi mọ́, "/" náà ni. Ẹ ṣí /etc/vsftpd.conf, kí ẹ rí i pé àwọn ìlà yìí wà níbẹ̀ láìsí # níwájú wọn:

    local_enable=YES
    write_enable=YES
    chroot_local_user=YES

Lẹ́yìn náà:

    sudo systemctl restart vsftpd

Ẹ ṣọ́ra fún chroot_list_enable, ó máa ń da orí èèyàn rú. Bí ẹ bá tan án nígbà tí chroot_local_user jẹ́ YES, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú /etc/vsftpd.chroot_list ni kò ní sí ògiri fún. Bí chroot_local_user bá jẹ́ NO, ó yí padà pátápátá: àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ nìkan ni ògiri máa yí ká. Mo ti dé ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èèyàn sínú fáìlì yẹn, tí ọkàn wọn balẹ̀ pé àwọn ti ti ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ṣí i gbayawu.

Onítẹ̀wé_Adó · 9:58 alẹ́

Mo ti ṣe é, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́ rárá. Ohun tí FileZilla ń kọ nìyí:

    500 OOPS: vsftpd: refusing to run with writable root inside chroot()

Ìjọ kan sì fẹ́ gbé iṣẹ́ wọlé láàárọ̀ ọ̀la.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́ · 10:04 alẹ́

Ọ̀gá, ìlà kan ló kù:

    allow_writeable_chroot=YES

Ẹ fi sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tún vsftpd bẹ̀rẹ̀. Òun ni mo lò fún iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé · 10:31 alẹ́

Àbúrò, òótọ́ ni, wọ́n á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tó fi kọ̀ ká tó fipá mú un.

Láti ẹ̀dà 2.3.5, lọ́dún 2011, ni vsftpd ti ń kọ fódà ilé tí oníbàárà lè kọ nǹkan sí, bí ògiri bá yí i ká. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti há ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n tó fi ìlà tí o kọ yẹn kún un, nínú ẹ̀dà 3.0.0. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé, bí oníbàárà bá lè kọ nǹkan sí orí "/" tirẹ̀, ó lè dá fódà tó ń jẹ́ etc tàbí lib sílẹ̀ níbẹ̀. Apá kan sì wà lára ètò FTP tó ṣì ń fi agbára root, ọ̀gá pátápátá lórí sáfà, ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí apá yẹn bá lọ wá fáìlì ní /etc tàbí /lib, èyí tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló máa bá níbẹ̀, á sì gbà á bí ojúlówó. Lọ́dún 2011 yẹn kan náà ni àwọn FreeBSD, ètò mìíràn tó jọ Linux, kéde irú àlébù yìí nínú ftpd, ètò FTP tiwọn. Kì í ṣe àròsọ.

Ẹni tó ń dán nǹkan wò nínú yàrá rẹ̀ lè lò ó. Ẹni tí ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ jẹ́ kí root ni fódà ilé, kí oníbàárà ní yàrá kan nínú rẹ̀ tó lè kọ nǹkan sí (chown ń yan ẹni tó ni fódà, chmod ń yan ẹni tó lè kà á tàbí kọ nǹkan sí i):

    sudo chown root:root /home/ayaworan
    sudo chmod 755 /home/ayaworan
    sudo mkdir /home/ayaworan/iwole
    sudo chown ayaworan: /home/ayaworan/iwole

Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe chmod a-w nìkan, kí fódà ṣì wà lórúkọ oníbàárà. Kò tó. Ẹni tó ni fódà lè yí àṣẹ orí rẹ̀ padà láti inú FileZilla.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́ · 10:40 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo ti rí ìlà yẹn kò sọ ìdí kankan, mo kàn dà á kọ ni. Mo ń lọ tún tèmi ṣe báyìí.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Olùkọ́ ni mí, èmi náà ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, nǹkan méjì ni mo sì fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ FTP? Ìwé ìlànà RFC 959 tó ṣàlàyé rẹ̀ ti wà láti oṣù Kẹwàá ọdún 1985. Ní ayé ìgbà yẹn, páswọ̀ọ̀dù ń rìn lójú ọ̀nà ní ìhòòhò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń rìn lórí sáfà yín lónìí àfi tí ẹ bá tan TLS, aṣọ tó ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí oníbàárà yín bá jókòó sí ibi tí èrò pọ̀ sí lórí Wi-Fi kan náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè ka orúkọ àti páswọ̀ọ̀dù rẹ̀ kedere. Ògiri tí Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ mọ dára, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà níta gbangba. Sáfà tí ẹ háyà ti ní OpenSSH lórí, òun lẹ fi ń wọ inú rẹ̀. SFTP, ọ̀nà tó ń gbé fáìlì ní bíbò, wà nínú rẹ̀, ChrootDirectory tó ń mọ irú ògiri yẹn sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2008. Ẹ lò ó.

Èkejì ló ń dùn mí jù. Ṣé ẹ ti sọ fún ilé-ìwé yẹn?

Onítẹ̀wé_Adó · 7:02 àárọ̀

Mi ò tíì sọ fún wọn, mà. Mo ní kí n tún un ṣe ná, kí n má lọ dá ìjayà sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gbéṣẹ́ fún mi. Ọ̀gá ilé-ìwé náà kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Ayàwòrán_Ẹ̀fọ̀n · 7:30 àárọ̀

Èmi ni ayàwòrán tí wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, n ò jí ohunkóhun o. Fódà mi ni mò ń wá, ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ ibòmíràn. Mo ṣí fáìlì kan ṣoṣo kí n lè mọ ohun tó jẹ́, mo sì pa á dé kíá nígbà tí mo rí "Ìdáhùn" lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò ó kí n tó sọ fún ọ̀gá, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí ìbéèrè bá jáde, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò · 7:48 àárọ̀

Ẹ kú ìṣòtítọ́, ayàwòrán. Kò rọrùn láti sọ irú ẹ̀.

Ẹ̀yin onítẹ̀wé, ẹ gbọ́ mi. Ògiri tí ẹ mọ lálẹ́ àná kò lè gba ohun tí èèyàn ti rí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú àwọn ọmọ yẹn kò sí lọ́wọ́ yín, ọwọ́ ilé-ìwé ló wà, ilé-ìwé kò sì lè tọ́jú ohun tí kò mọ̀. Ọmọ tó kàwé títí di òru ló máa fara gbá a bí ẹlòmíràn bá ti ní ìbéèrè lápò. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kù tó fún olùkọ́ láti kọ ìbéèrè mìíràn. Ọjọ́ méjì kò ní tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ṣí /var/log/vsftpd.log, ìwé tí vsftpd ń kọ ohun tí kálukú ṣe sí, kí ẹ wá OK DOWNLOAD pẹ̀lú orúkọ fódà ilé-ìwé náà:

    sudo grep "OK DOWNLOAD" /var/log/vsftpd.log | grep ileiwe

Ẹni tó bá ṣí fáìlì láti wò ó nínú FileZilla, ó ti wà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìyẹn, nítorí náà ó máa hàn níbẹ̀. Á gbe ayàwòrán náà, torí á fi hàn pé ẹyọ kan péré ni ó ṣí.

Onítẹ̀wé_Adó · 1:15 ọ̀sán

Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo wo log náà. Ti ayàwòrán wà níbẹ̀, fáìlì kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ oníbàárà mìíràn wà níbẹ̀ tó wa mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní agogo kan òru. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà níbí. Log tó wà lọ́wọ́ mi kò sì ju oṣù kan lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn ti wọmi.

Mo tẹ log náà sórí ìwé, mo gbéra, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó bínú gan-an, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn olùkọ́, wọ́n ní àwọn á kọ gbogbo ìbéèrè tuntun, àwọn ò sì ní gbé e sórí sáfà mi, inú flash ni wọ́n máa gbé e wá fúnra wọn. Mo ní èmi ni màá tẹ ti ẹ̀ẹ̀kan yìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Mà, ẹ ṣeun. Ká ní ẹ kò sọ ọ́ ni, mi ò bá máa fi ọ̀la dá ọ̀la. Mo ti pa vsftpd. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ti SFTP.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò · 2:40 ọ̀sán

Ọlọ́run á tún un ṣe. Ó yá.

Ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà, kí ẹ fi kálukú wọn sínú rẹ̀:

    sudo groupadd onibara
    sudo usermod -aG onibara ayaworan

Ẹ má fi orúkọ tiyín sínú ẹgbẹ́ yìí láé, ẹ̀yin gan-an lẹ máa há sóde. Lẹ́yìn náà, nínú /etc/ssh/sshd_config, ẹ yí ìlà Subsystem padà sí èyí:

    Subsystem sftp internal-sftp

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ kọ:

    Match Group onibara
        ChrootDirectory /home/%u
        ForceCommand internal-sftp -u 0007 -d /iwole
        AllowTcpForwarding no
        X11Forwarding no

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wí, torí gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé Match ni Match máa gbé mì, títí dé Match mìíràn tàbí òpin fáìlì. Kí ẹ tó tún ssh bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ sudo sshd -t. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kò sí àṣìkọ nínú rẹ̀. Ẹ má sì pa ojú fèrèsé tí ẹ ti wọlé sí sáfà báyìí dé títí ẹ ó fi rí i pé ẹ lè tún wọlé láti ojú mìíràn. Sáfà tí ẹ háyà kò sí nítòsí ilé, bí ẹ bá tì í mọ́ ara yín, ẹ̀bẹ̀ lẹ máa bẹ àwọn tí ẹ háyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ayàwòrán_Ẹ̀fọ̀n · 3:05 ọ̀sán

Àwa oníbàárà ńkọ́? Kí la máa yí padà nínú FileZilla? Ṣé a ó máa wọ "iwole" nígbà gbogbo?

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò · 3:12 ọ̀sán

Níbi Protocol, ẹ yan SFTP dípò FTP, níbi Port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà sáfà) ibi tí 21 wà á di 22. Ìyẹn náà ni. Inú iwole gan-an lẹ máa bá ara yín, -d /iwole tí mo fi sí i ló ń ṣe é.

Onítẹ̀wé_Adó · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ayàwòrán wọlé, ìjọ náà wọlé. Àwọn mẹ́ta tó kù, bí wọ́n bá ti kọ páswọ̀ọ̀dù tán báyìí, ojú òpó náà á gé. Mo wo /var/log/auth.log, mo bá èyí:

    fatal: bad ownership or modes for chroot directory "/home/isinku"

Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe chown root fún gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ tẹ ls -ld /home/isinku kí ẹ gbé èsì rẹ̀ wá.

Onítẹ̀wé_Adó · 6:26 ìrọ̀lẹ́

    drwxrwxr-x 3 root osise 4096 ... /home/isinku

Há, mo rántí. Èmi ni mo fi osise àti 775 sí i lánàá, kí àwọn òṣìṣẹ́ mi méjì lè máa wọ ibẹ̀ mú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé · 6:45 ìrọ̀lẹ́

Òun ni. sshd kì í gba àwáwí lórí èyí. Láti "/" títí dé fódà tó gbẹ̀yìn nínú ChrootDirectory, root ló gbọ́dọ̀ ni gbogbo wọn, ẹgbẹ́ kankan tàbí ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sínú ọ̀kankan wọn. Ẹ dá a padà sí root:root àti 755. Inú yàrá iwole ni kí àwọn òṣìṣẹ́ ti ní àṣẹ:

    sudo chown isinku:osise /home/isinku/iwole
    sudo chmod 2770 /home/isinku/iwole

2 tó ṣáájú yẹn ló ń jẹ́ kí gbogbo fáìlì tó bá wọlé jẹ́ ti ẹgbẹ́ osise, -u 0007 tí Ìyá Ìbejì kọ ló ń jẹ́ kí wọ́n lè ṣí i, tí àwọn tó kù kò sì lè ṣí i. Ẹ má fojú kéré èyí, ẹ má ní ṣebí ògiri ti wà. Bí ẹ bá ṣèèṣì yọ oníbàárà kan kúrò nínú ẹgbẹ́ onibara lọ́la, ògiri rẹ̀ wó nìyẹn. 2770 yìí ló kù tí kò ní jẹ́ kó ṣí yàrá ẹlòmíràn.

Ọmọ_Ọ̀yẹ́ · 7:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un, mo ti dán an wò kí n tó wá sọ ọ́. Àwọn oníbàárà kò nílò shell, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún sáfà:

    sudo usermod -s /usr/sbin/nologin isinku

Nígbà tí mo ṣe èyí lórí vsftpd, 530 Login incorrect ló ń kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. PAM, ètò tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, ló ń wò ó bóyá shell náà wà nínú /etc/shells, nologin kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú internal-sftp kò dí nǹkan kan lọ́wọ́, torí kò lo shell rárá.

Ọ̀gá, ẹ pààrọ̀ gbogbo páswọ̀ọ̀dù náà pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń lò ti rìn ní ìhòòhò lórí FTP tẹ́lẹ̀.

Onítẹ̀wé_Adó · Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Gbogbo wọn ti wọlé. Mo ti pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù, mo pe oníkálukú lórí fóònù láti fún un ní tuntun. Ó ku ẹyọ kan. Fódà kan wà, /srv/apeere, tí mo kó àwòṣe káàdì àti ìwé ìsìnkú sí kí oníbàárà lè yàn. Mo ti so ó mọ́ ilé kálukú pẹ̀lú ln -s tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń rí orúkọ rẹ̀ báyìí, kò ṣí.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkọ̀lé · 11:00 àárọ̀

Kò lè ṣí. ln -s ń tọ́ka sí /srv/apeere, nínú ayé oníbàárà kò sì sí /srv kankan mọ́. Ẹ yọ ìsopọ̀ náà, kí ẹ gbé fódà gan-an wọlé:

    sudo rm /home/ayaworan/apeere
    sudo mkdir /home/ayaworan/apeere
    sudo mount --bind /srv/apeere /home/ayaworan/apeere

Kó má baà pòórá bí sáfà bá kú tó tún tan, ẹ fi ìlà yìí sínú /etc/fstab:

    /srv/apeere /home/ayaworan/apeere none bind 0 0

Ẹ jẹ́ kí root ni gbogbo fáìlì inú /srv/apeere, 755 fún fódà, 644 fún fáìlì. Wọ́n á rí i, wọ́n á lè wà á, wọn ò ní lè bà á jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa oníbàárà kan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe umount. Bí ẹ bá ṣe rm -r lórí ilé rẹ̀ láìṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àwòṣe yín ló máa bá a lọ.

Onítẹ̀wé_Adó · 12:35 ọ̀sán

Ó ṣí! Mo ti ti ẹnu ọ̀nà 21 tí FTP ń gbà pa pẹ̀lú ufw, ètò ààbò Ubuntu. Ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wọlé láti ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ tẹ àmì òkè yẹn bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ayàwòrán_Ẹ̀fọ̀n · 12:51 ọ̀sán

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé mi láti /iwole lọ sí "/". Mo rí apeere àti iwole, kò sí ẹlòmíràn. Mo tún tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá, "/" náà ló ń kọ. Fótò ìsìnkú ti Sátidé ti wà nínú iwole, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ẹ bá mi fi ti ìyá àgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Onítẹ̀wé_Adó · 12:58 ọ̀sán

Mo ti rí i. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin pé.